Ẹ bi mí, kí n fèsì: Ẹ ti gé Agbéyanrìnmì mi kúrú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tí ìtàn Agbéyanrìnmì ti jáde lábala àròsọ, fóònù ọ́fíìsì wa níbí l'Ábújà ò sinmi mọ́, WhatsApp ń dún, lẹ́tà ń wọlé, obìnrin kan tiẹ̀ dá mi dúró nídìí ata ní Wuse Market torí ẹ̀. Fún ẹni tí ò bá ka ìtàn náà, ẹranko àtinúdá ni o, èmi ni mo bí i. Inú yanrìn lókè Yobe lọ́hùn-ún ni mo fi í sí, mo ní ó gùn ní mítà 90, ó nípọn tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó jọ ekòló ó tún jọ erè, ó gbé tírélà àlùbọ́sà kan mì tòun ti táyà, dírẹ́bà wá bọ́ bàtà ẹ̀, ó yọ́ rìn lọ, ẹranko náà ò gbọ́ ọ. Ó tán. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa bi mí níbi tó ti ń tọ̀.

*Àǹtí mi, dírẹ́bà tírélà ni mí, ọdún 14 rèé tí mo ti ń na ọ̀nà Kano sí Nguru sí Gashua. Mo ti rí yanrìn o, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó jìn débi tí nǹkan mítà 90 á fi lè sá pamọ́ síbẹ̀. Ibo lẹ fi í sí gan-an? Kí ló tiẹ̀ dé tó fi jẹ́ àlùbọ́sà?* (Dírẹ́bà kan, Kano)

Sà, ẹ ti mú mi. Àwa tá à ń gbé Abuja, ohun tá a máa ń rò ni pé téèyàn bá ti kọjá Kano báyìí, yanrìn ló kù títí dé Líbíà. Irọ́ ni. Sàhárà fúnra ẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló jẹ́ òkìtì yanrìn, ìyókù àpáta ni, òkúta wẹ́wẹ́ ni, ilẹ̀ líle tó gbẹ táútáú ni. Òkìtì yanrìn wà ní Yobe lóòótọ́, lápá Yusufari ṣe ló ń sún bọ̀ díẹ̀díẹ̀ tó ń bo oko mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ nǹkan tó nípọn ní mítà 6 ò ní rí ibi gbé ikùn sí níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á yọ síta bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi. Mo ti gbé e kọjá sí Niger, lápá Bilma, níbi tí yanrìn ti tẹ́ lọ bí òkun. Ẹ máa wakọ̀ yín lọ ní tiyín, kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà Gashua ju àwọn kòtò tẹ́ ẹ ti mọ̀ lọ.

Ti àlùbọ́sà, ọjọ́ tí mo ń kọ ìtàn yẹn ni mo ra àlùbọ́sà mẹ́rin lọ́jà, iye tí wọ́n tà á fún mi ṣì ń bí mi nínú.

*Tísà físíìsì ni mí ní Kaduna. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní kí n bá àwọn ṣírò ẹranko yín, a sì ṣírò ẹ̀. Tó bá gùn ní mítà 90, tó nípọn ní mítà 6, á tẹ̀wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 2,500. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn nínú yanrìn?* (Tísà kan, Kaduna)

Ọ̀gá tísà, nígbà tí mo ka lẹ́tà yín mo kọ́kọ́ bínú, mo wá mú fóònù, mo ṣírò ẹ̀ fúnra mi, ó rí bẹ́ẹ̀. Àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù tó jẹ́ pé kò sẹ́ran tó tóbi tó o láyé yìí, bíi mítà 30 ló ń gùn, tó bá wúwo gan-an á kọjá tọ́ọ̀nù 150. Tèmi tó bíi mẹ́rìndínlógún ẹ̀ tí wọ́n dì pọ̀! Omi ló tún ń gbé àbùùbùtán ró o, ẹ jẹ́ kó sọ sétí òkun kẹ́ ẹ wò ó, ìwúwo ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ á máa tẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, kò ní pẹ́ kú. Èmi wá gbé mẹ́rìndínlógún sínú yanrìn, mo ní kó máa sáré lé tírélà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò sí ní kíláàsì ọ̀gá tísà, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ẹ mú horo ṣúgà kan tó ṣe déédéé níhà gbogbo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó di ìlọ́po méjì ní gígùn, ní fífẹ̀, àti ní gíga, horo mẹ́jọ lẹ máa tò pọ̀, kì í ṣe méjì. Ìwọ̀n ẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́jọ, àmọ́ ìdí tó fi jókòó sílẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin péré ni. Ara ẹran náà nìyẹn, ẹrù ń di ìlọ́po mẹ́jọ, agbára egungun àti iṣan tó máa gbé e ń di ìlọ́po mẹ́rin. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1638, èmi ni mi ò kà á. Ìdí tí èèrà fi ń gbé ohun tó wúwo ju ara ẹ̀ lọ nìyẹn, tí erin ò sì lè fò sókè.

Àti rírìn nínú yanrìn, ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ bi mí. Mo bá wọn lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Nguru lọ́dún kan, ọkọ̀ wa yà kúrò lójú ọ̀nà, ó rì. Ẹsẹ̀ la fi rìn lórí yanrìn yẹn o, ó gbé wa, ó le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àmọ́ bí táyà bá ti yí báyìí ṣe ló ń ṣàn bí omi, bí dírẹ́bà ṣe ń tẹná la túbọ̀ ń wọlẹ̀, ó di ìgbà tí àwọn ọmọ kan fi ẹní àti pákó sábẹ́ táyà. Yanrìn jẹ́ nǹkan méjì pọ̀, tó bá dúró ó le, tẹ́ ẹ bá rú u ó ṣàn. Alángbá kékeré kan wà ní Sàhárà tó fi ìwà yẹn ṣe iṣẹ́ jẹ, ẹja yanrìn ni wọ́n ń pè é, kò ju rúlà ọmọ iléèwé lọ ní gígùn. Lọ́dún 2009 àwọn onímọ̀ kan ní Georgia, l'Amẹ́ríkà, fi X-ray wò ó lábẹ́ yanrìn, wọ́n rí i pé tó bá ti wọlẹ̀ tán kì í lo ẹsẹ̀ mọ́, ṣe ló ń ká a mọ́ra, á wá máa yíra sọ́tùn-ún sósì bí ejò, ó ń lúwẹ̀ẹ́ gidi ni. Ẹ̀rọ X-ray lásán ló lè fi irú ẹ̀ hàn yín, torí lókè yanrìn ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Àmọ́ ìtòsí òkè náà ló ti ń lúwẹ̀ẹ́. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni yanrìn orí yín ń wúwo sí i, tó ń fún yín pọ̀ sí i, agbára tẹ́ ẹ máa fi sún síwájú ìṣísẹ̀ kan á máa pọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbéyanrìnmì tó bá fẹ́ sáré lábẹ́ mítà 20, kò ní pẹ́ tí á fi sun ara ẹ̀ jẹ nínú ooru ìfarakanra. Mo ti gé e, ọ̀gá. Mítà 15 ló kù, ó nípọn ní mítà kan, á tẹ̀wọ̀n tó bíi tọ́ọ̀nù 12, ìyẹn ò ju akọ erin ńlá méjì lọ. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé wọ́n ti nà mí.

Tírélà ò lè wọ ẹnu ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Á dojú ẹ̀ dé ni, àlùbọ́sà á fọ́n ká.

*Àǹtí, nọ́ọ̀sì ni mí ní Gwagwalada. Ẹ ò sọ bó ṣe ń mí, ẹ ò sì sọ ibi tó ti ń rómi. Àwa tá à ń rí ẹni tómi ti tán lára ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé fojú fò.* (Nọ́ọ̀sì kan)

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí mímí torí òun ló ń pani kíákíá.

Yanrìn ò dí tán, àárín horo kan sí èkejì afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, nínú garawa yanrìn kan ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ yẹn ni ẹja yanrìn ń mí, torí pé ó kéré, ìwọ̀nba ló nílò. Ekòló ní tiẹ̀, awọ ara ló fi ń mí, awọ yẹn ò sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ekòló ńlá kan wà ní Gippsland ní Ọsirélíà tó ń gùn tó mítà kan, tó bá na ara á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n ní téèyàn bá ń rìn lórí ilẹ̀ tó wà, á máa gbọ́ ọ bó ṣe ń dún gbùlùgbùlù nísàlẹ̀ bí omi tó ń wọ páìpù. Àmọ́ ilẹ̀ olómi ló ń gbé o. Tẹ́ ẹ bá tún rántí ṣúgà wa, bí ara bá ṣe ń tóbi ni awọ ò ní tó o mọ́, ẹran tọ́ọ̀nù 12 tó bá gbẹ́kẹ̀ lé awọ ara láti mí, kó tiẹ̀ má mí mọ́. Nítorí náà ẹ̀dọ̀fóró ni mo fún un, ihò imú ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lókè yanrìn nígbà gbogbo, bíi ti ọ̀nì tó dùbúlẹ̀ sínú odò, ẹ ò rí nǹkan míì ju imú. Mo rò pé ó tiẹ̀ bani lẹ́rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò méjì péré nínú gbogbo yanrìn yẹn, ẹ tún lè rò pé ihò òkété ni.

Omi wá. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé omi ni ràkúnmí kó sí iké ẹ̀, èmi náà sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ọ̀rá ni, ọ̀rá lásán, ẹni tó bá ti jẹ ẹran ràkúnmí ní Kano ti jẹ ẹ́ láìmọ̀. Omi ẹ̀, ibòmíì ló ti ń ṣọ́ ọ ná: ó máa ń jẹ́ kí ara ẹ̀ gbóná látorí bíi 34 dé 40 kó tó làágùn rárá, imú ẹ̀ á tún gba omi padà lára èémí tó ń jáde, ìtọ̀ ẹ̀ ki bí omi ṣúgà. Omi tó bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara ẹ̀ lè tán kó ṣì máa rìn, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹ mọ̀ pé èèyàn á ti kú tipẹ́. Tó bá wá dé ìdí kànga, á mu 100 lítà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin nínú ọmọlánke mẹ́rúwà nìyẹn, lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá náà ò ṣàìní omi nínú o. Kílò ọ̀rá kan tí ara bá sun tán, omi tó máa tinú ẹ̀ jáde lé díẹ̀ ní lítà kan. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́, torí láti sun ọ̀rá yẹn ó gbọ́dọ̀ mí, bó ṣe ń mí náà ni omi ń bá èémí lọ. Ẹran tó bá ń sáré kiri tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, á pàdánù ju ohun tó rí lọ. Ẹran tó bá sùn jẹ́jẹ́ tó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé yanrìn tó bò ó ní ọ̀rinrin díẹ̀ nínú, torí pé inú òkìtì yanrìn kì í gbẹ tán bí ojú ẹ̀ ṣe gbẹ, irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè rí i jẹ. Ibi tí títóbi ti wúlò fún un nìyí: awọ ò pọ̀ tó ara, torí náà ooru ọ̀sán ò tètè wọlé, omi ò tètè jáde. Ohun tó ń pa á lórí ọ̀rọ̀ mímí ló ń gbà á lórí ọ̀rọ̀ òǹgbẹ.

*Ṣé ó máa ń yàgbẹ́?* (Ọmọ ọdún 11, Lugbe)

Ó máa ń yà á, ọmọ mi. Lọ wo ìdí fèrèsé yín, wàá rí ìgbẹ́ ọmọńlé, dúdú ni, àmọ́ ẹnu ẹ̀ funfun. Funfun yẹn ni ìtọ̀ ẹ̀. Adìẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ fi omi ṣòfò ló ṣe ń tọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Ti Agbéyanrìnmì náà á rí báyẹn, ó kàn máa tóbi tó kẹ̀kẹ́ Márúwá ni. Má fọwọ́ kan ti ọmọńlé yẹn ṣá.

*Ọkà ni mo ń tà ní Dawanau. Ẹ ní tírélà àti ràkúnmí ló ń jẹ. Tírélà mélòó ló ń kọjá níbẹ̀ lọ́dún? Ẹran yín á febi kú. Ó bá jẹ́ pé eéṣú ló ń jẹ ni, à bá bẹ̀ yín kẹ́ ẹ kó méjì wá fún wa.* (Ìyá ọlọ́kà, Kano)

Ìyá, ẹ gba ọwọ́. Ẹ̀yin lẹ tún ìtàn yẹn ṣe fún mi.

Aṣálẹ̀ kì í ṣe ibi tí olójúkòkòrò ti ń jẹun. Erin kan ń fẹ́ koríko bíi 150 kílò lójúmọ́, kò sí ọ̀nà tí yanrìn fi lè bọ́ irú ìyẹn. Ẹran ńlá tó bá fẹ́ gbé níbi tóúnjẹ ò pọ̀, ọ̀nà méjì ni mo rí i pé wọ́n ń gbà. Àwọn kan kì í jẹun lemọ́lemọ́, erè á gbé ẹran kan mì, á lọ sùn fún oṣù mélòó kan, ọ̀nì náà bẹ́ẹ̀, torí ara wọn kì í sun oúnjẹ láti gbóná bíi tiwa, oòrùn ló ń bá wọn ṣe é. Àwọn mìíràn wá ń jẹ ohun kéékèèké tó pọ̀ yanturu, bí àbùùbùtán ṣe tóbi tó, nǹkan bí edé ló ń jẹ. Mo pa méjèèjì pọ̀ fún Agbéyanrìnmì, ló bá di eéṣú.

Ẹ wò ó. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ní agbo eéṣú aṣálẹ̀ tó bo kìlómítà kan níbùú lóròó, tó bá ní eéṣú 40 mílíọ̀nù nínú, ohun tó máa jẹ lọ́jọ́ kan tó oúnjẹ èèyàn 35,000. Eéṣú kan ò ju bíi gíráàmù 2 lọ. Ẹ bá mi sọ 40 mílíọ̀nù di ìlọ́po méjì, gíráàmù 80 mílíọ̀nù, tọ́ọ̀nù 80 nìyẹn. Tọ́ọ̀nù 80 ẹran ọlọ́ràá, tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá, á bà sílẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́ torí kì í fò lóru, tó bá dàárọ̀ á jáde wá yáàrùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ara ẹ̀ tó lè gbé e fò. Wákàtí yẹn ni Agbéyanrìnmì mi ń dìde. Kì í lépa ẹnikẹ́ni, ó kàn máa la ẹnu lábẹ́ wọn ni, yanrìn tòun ti eéṣú, á wá fi ihò ẹ̀gbẹ́ ọrùn da yanrìn nù (ihò yẹn, èmi ni mo dá a, ẹ má lọ wá a nínú ìwé). Tó bá jẹ tọ́ọ̀nù mẹ́ta láàárọ̀ kan, ó ti parí fún ìgbà pípẹ́.

Pé kí n kó méjì wá, ìyá, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Tí eéṣú bá ti ya wọ̀lú, oògùn ni ìjọba ń fín sí wọn, ẹran tó bá gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta eéṣú olóògùn mì, kò ní dìde mọ́. Ẹ máa wá ṣèyàn, oògùn tàbí Agbéyanrìnmì. Ti àwọn ẹ̀gà ẹlẹ́nu pupa yẹn, àwọn tí Hausa ń pè ní jan baki, tó ń jẹ jéró àti ọkà bàbà mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní Jigawa àti Yobe títí dé Sokoto, kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí ìyẹn rárá. Orí igi ni wọ́n ń sùn.

*Mo wà ní ABU Zaria. Ṣé ẹsẹ̀ lásán ni dírẹ́bà fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lóòótọ́? Ọ̀rẹ́ mi ní ejò gan-an ń gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀.* (Akẹ́kọ̀ọ́)

Ọ̀rẹ́ ẹ gba èyí tó pọ̀, àbùrò. Ẹsẹ̀ lásán yẹn, ṣe ni mo fi pa dírẹ́bà ọ̀hún láìmọ̀.

Àkekèé kan ń gbé inú yanrìn ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Philip Brownell ṣe ìwádìí ẹ̀ láwọn ọdún 1970, aáyán tó bá ń walẹ̀ níbi tó jìn sí i tó bí ìdajì mítà, àkekèé náà á mọ̀, á sì kọjú síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Kì í ṣe etí o, ẹsẹ̀ mẹ́jọ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló fi gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ tí mímì yẹn bá kọ́kọ́ kàn ló ń sọ apá ibi tó ti wá. Aáyán ni mò ń sọ, kì í ṣe èèyàn tó ti jẹ tùwó tán. Ẹran kan tún wà ní aṣálẹ̀ Namib, ó kéré bí asín, awọ ti bo ojú ẹ̀ pátápátá. Lóru á máa rìn lórí yanrìn, á dúró, á ti orí bọlẹ̀, á tẹ́tí sílẹ̀, á gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń mi ìdí koríko jíjìn, ibi tí koríko bá sì wà ni ikán wà, oúnjẹ ẹ̀ nìyẹn. Ó ní egungun kan nínú etí tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, torí iṣẹ́ yìí. Erin náà ń fi ẹsẹ̀ gbọ́ ohùn ara wọn látinú ilẹ̀, bóyá àwọn tó wà ní Yankari ti gbọ́ bọ́ọ̀sì àwọn tó wá wò wọ́n kó tó dé géètì.

Torí náà ohun tó yẹ kí dírẹ́bà ṣe ni kó pa ẹ́ńjìnnì, kó dúró gbagidi, kó má tiẹ̀ jókòó. Nínú ìtàn tó ń bọ̀ bó ṣe máa ṣe é nìyẹn, láti aago méjì òru títí ilẹ̀ fi mọ́, kí ẹ̀fọn má jẹ ẹ́ ṣá.

*Ọmọ mi, ẹni ọdún 71 ni mí, mo ti pẹ́ ní Sokoto. Àwọn tó ń dá ọjà láti Agadez sọ fún wa nígbà náà pé ejò wà nínú yanrìn tó ń gbé ràkúnmí mì. Má pe gbogbo ẹ̀ ní àtinúdá.* (Bàbá kan, Sokoto)

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Mi ò ní jiyàn pé wọ́n sọ ọ́ fún yín. Ní aṣálẹ̀ Gobi lápá Mongolia, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń bẹ, kòkòrò pupa bí ìfun màlúù tí wọ́n ní èèyàn á kú lójú ẹsẹ̀ tó bá fọwọ́ kàn án. Roy Chapman Andrews, ará Amẹ́ríkà tó ń wa egungun àtijọ́ kiri níbẹ̀, kọ ọ́ lọ́dún 1926 pé àwọn ìjòyè tóun bá sọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe ẹ̀ fún òun látorí dé ìrù, àmọ́ nígbà tóun bi wọ́n, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fojú ara ẹ̀ rí i.

Àwọn oníṣòwò Agadez yẹn ṣá, mi ò ní fi wọ́n wé ti Gobi tán. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà kọjá, egungun ńláńlá ń yọ jáde nínú ẹ̀ lóòótọ́. Ibì kan wà níbẹ̀ ní aṣálẹ̀ Ténéré ní Niger tí wọ́n ń pè ní Gadoufaoua, ibẹ̀ ni wọ́n ti wú egungun ọ̀nì kan tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Sarcosuchus, agbárí ẹ̀ nìkan gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, gbogbo ara ẹ̀ lé ní mítà 9, ó ti kú láti bíi 110 mílíọ̀nù ọdún. Ẹni tó bá ń bá ràkúnmí kọjá tó rí irú eyín yẹn nínú yanrìn, kí ni kó sọ tó bá délé? Ejò gan-an, ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù lọ tí wọ́n tíì wú egungun wọn, Titanoboa, Kòlóńbíà ni, ní Cerrejón níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, bíi mítà 13, wọ́n kéde ẹ̀ ní 2009. Igbó olómi tó gbóná ló gbé, kì í ṣe yanrìn.

Aṣálẹ̀ ọ̀hún náà, kì í ṣe bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1987, Fúlàní darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna ní Yobe, ló bá kan igi líle nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, wọ́n gbẹ́ ẹ látinú igi, ọjọ́ orí ẹ̀ ń lọ sí 8,000 ọdún. Bàbá, èèyàn ń tukọ̀ níbi tí yanrìn wà lónìí. Di báyìí náà, àwọn ọ̀nì díẹ̀ ṣẹ́ kù sínú ihò omi kan láàárín àpáta ní Ennedi ní Chad, ní Guelta d'Archei, aṣálẹ̀ yí wọn ká, wọn ò ríbi lọ, ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Látinú àwọn yẹn ni mo ti fa ìran Agbéyanrìnmì yọ, pé nígbà tí omi ń gbẹ, baba ńlá ẹ̀ ò bá omi lọ.

*Báwo ló ṣe ń bímọ?* (Ẹ̀yin bíi mẹ́fà lẹ bi mí)

Ẹyin ló ń yé. Tí òjò ò bá rọ̀, ẹyin náà á dúró, bíi ti àwọn ẹja kéékèèké kan tí wọ́n ń kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí adágún bá gbẹ, tí ẹyin wọn á wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ títí òjò míì fi dé, ọ̀kan lára wọn tiẹ̀ wà tó jẹ́ orúkọ Kiyawa ní Jigawa níbí ni wọ́n fi sọ ọ́. Oorun ìyá ẹ̀ sì ni mo jí lára ẹja tí Hausa ń pè ní gaiwa, òun tí odò bá gbẹ tó máa wọ inú ẹrẹ̀, á fi itọ́ ara ẹ̀ ṣe àpò, á ká sínú ẹ̀, á máa fi ẹ̀dọ̀fóró mí títí òjò á fi dé. Àwọn apẹja ń fi ọkọ́ wú u bí ẹni wú iṣu. Bí akọ àti abo ṣe ń ríra, abala ọmọdé wà lẹ́yìn abala yìí, ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

*Àǹtí, ọmọ mi ọkùnrin ò sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lóru mọ́ látìgbà tó ti ka ìtàn yín, ó ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ọdún méje. Ó ní ṣé Agbéyanrìnmì lè gba abẹ́ ilẹ̀ dé Kubwa? Ẹ dáhùn o, fóòmù tuntun ni mo ra.* (Ìyá kan, Kubwa)

Ẹ má bínú, màmá. Ẹ fún un ní ìwé yìí kó kà á fúnra ẹ̀.

Ọmọ mi dáadáa, kò lè dé. Yanrìn nìkan ló lè gbà kọjá, kò sì sí yanrìn tó gùn láti Bilma wá sí Abuja. Tó bá tiẹ̀ gbìyànjú, abẹ́ ilé yín ní Kubwa níbẹ̀, àpáta ni, irú èyí tó yọ síta ní Zuma àti Aso. Bi àwọn tó ń gbẹ́ borehole ládùúgbò yín, wọ́n á sọ fún ẹ bí irin wọn ṣe ń kán. Agbéyanrìnmì ò ní irin, imú rírọ̀ ló ní. Eéṣú ló ń jẹ, kò jẹ èèyàn rí, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn nígbà yẹn. Báyìí tó o ń ka ìwé yìí ó ti sùn, kò ní jí títí eéṣú á fi dé. Dìde, tan iná fóònù màmá ẹ, lọ tọ̀.